Omi Inú Bútà

Bí mo bá ti rántí Banjul, ìró omi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Tíṣà ni mí níbẹ̀ nígbà náà, àmọ́ torí pé mo ti ya fídíò ìgbéyàwó rí ní Nàìjíríà, wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ mẹ́rin kan bí wọ́n á ṣe máa fi fídíò jà fún àwọn tí àwọn èèyàn ìjọba wá gbé lọ nílé, tí a ò gbúròó wọn mọ́. Yàrá òkè kan ní Soldier Town la ti ń pàdé. A ó ti fèrèsé, a ó fa kọ́tìnnì, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Òfin kan ni mo ń kà sí wọn létí ṣáá bí ọlọ́gbọ́n: "Ọwọ́ ni kí ẹ yà, ẹ má ya ojú."

Obìnrin aránṣọ kan, ọmọ Àkú, ìran ẹrú àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣì wà nínú èdè wọn, ló gbà pé ká wá ya òun nílé. Ó ti pé ọdún méjì tí àwọn kan wá mú ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin yìí ń rọ omi kún bútà ọkọ rẹ̀, á sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bó bá dé, kò ní bá bútà òfìfo.

Èmi ní tèmi rò pé Yorùbá náà ni Àkú, nítorí wọ́n ń pe ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ṣì gbé kámẹ́rà dání, mo fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ẹ ṣé, Màmá. A ó ṣe àwùjọ fún ọkọ yín ní Sátidé." Ìpàdé tí a ó ti wo fídíò náà ni mo ní lọ́kàn.

Ó fi èdè Àkú bi mí pé, "Awujoh? Udat tel una se i don dai?" Ta ló sọ fún wa pé ó ti kú?

Lọ́dọ̀ tiwọn, sàráà òkú ni àwùjọ, oúnjẹ tí wọ́n ń sè fún ẹni tó ti lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò wojú mi mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo wa pé sí yàrá òkè láti wo ohun tí a yà. Òun náà wá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn nínú fídíò, wọ́n wà lórí itan rẹ̀, wọn ò mira. Ohùn mi dé ibi "àwùjọ". Kí ó tó fèsì, a gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó dà, ó dúró, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa mẹ́ta péré la wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ omi kankan. Mo sáré sọ pé àwọn ará ilé kejì ni. Ẹ̀rù ń bà mí.

"Ẹ dá a padà síbẹ̀," obìnrin náà wí. Mo dá a padà. Ó tẹ́tí, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Bó bá ti fọ ọwọ́, á sinmi díẹ̀. Èjìká ló máa ń dùn ún."

Ní Sátidé, ó se àwùjọ. Ó bu àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó da omi bútà nù, ó sì dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ó ní ká fi fídíò náà han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, ká má ṣáà gé omi yẹn kúrò. Mo jẹ nínú oúnjẹ náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti padà sílé. Bí wọ́n bá pè mí kí n wá bá àwùjọ sọ̀rọ̀, ìpàdé ni mo máa ń pè é. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, tí mo ti fọ ọwọ́, mo máa ń rí i pé mo ti dúró, mo ń sinmi díẹ̀. Èjìká ò sì dùn mí.