Ìbuwọ́lù Tí Ìyá Àgbà Ní Kí N Fọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìwó, tí ẹnu mi ti ń mú ṣùgbọ́n tí n kò tíì ní ọjà tí n óò fi í polówó, iṣẹ́ mi nínú agboolé wa ni kí n máa fọ wàláà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ lọ ilé kéwú mọ pátákó ìkéwú náà dáadáa. Àáfà ni bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kéwú. Èmi ni mo ń fi ewé eépín ha wàláà wọn títí tàdáwà tí wọ́n fi kọ kéwú yóò fi sọ ìka mi di dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tí kò bá mọ́, pàṣán bàbá mi kì í béèrè pé ọmọ ta ni mí. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, a máa ń jẹ mọ́sà gbígbóná, a ó sì fi ìka dúdú yẹn lá ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ wa létè. Kò sì pa wá.

Omi tí a bá fi fọ kéwú kúrò lára wàláà kì í ṣòfò nílé wa. Hàntú là ń pè é. Ẹni tí inú ń run á mu ún, ẹni tó ń lálàá burúkú á fi bọ́jú. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbà pé kò sí ohun tí hàntú kò lè ṣe, àfi kó se ọbẹ̀.

Àbúrò mi Sùlè kò tíì rìn lásìkò yẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé e ti ń sáré lé adìyẹ, òun jókòó sójú kan bí àlejò tó ń retí oúnjẹ. Ìyá mi kì í fẹ́ gbé e jáde mọ́ nítorí ẹnu ayé. Obìnrin kan bi í létí kànga pé, "Ìyá Sùlè, ṣé báyìí lẹ ó ṣe máa wò ó?" Ìyá mi gbé omi rẹ̀, ó ń sunkún bọ̀ wá sílé. Èmi ni mo fèsì fún obìnrin náà, mo sì jẹ pàṣán èsì yẹn nírọ̀lẹ́.

Ìgbà náà ni Ráṣídì dé. Ọmọ agboolé kejì sí tiwa ni, ó kéwú lọ́dọ̀ bàbá mi títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gùn kọjá ẹní. Olùkọ́ kan nílé ìwé ló rí gíga rẹ̀ tó kọ́ ọ ní básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n lókè. Ó gbá a dé Ìbàdàn, ó gbá a dé òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un kó máa fò. Àwa rèé, wọ́n ń nà wá pé a fò!

Ọjọ́ tó wá kí wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ìdọ̀bálẹ̀ náà sì gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù. Kíá ni àdúgbò ti kún, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó buwọ́ lu nǹkan fún àwọn. Wọ́n ní àwọn òyìnbó máa ń tò nínú òtútù nítorí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ó buwọ́ lu ìwé, ó buwọ́ lu fìlà, ó buwọ́ lu sílípáàsì. Ìyá Àgbà ń wò ó. Lójú tirẹ̀, ohun tí ènìyàn lè torí ẹ̀ dúró nínú òtútù, oògùn ni. Ẹsẹ̀ ta ló sì tún lágbára tó ti Ráṣídì? Ó gbé wàláà lé e lọ́wọ́.

"Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi. Kọ ọ́ kó kún."

Ráṣídì fa bíró ńlá kan tó mú bọ̀ láti òkè òkun yọ, ó sì kọ ọ́ kó kún. Bó ṣe jáde ni Ìyá Àgbà pè mí pé kí n fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi eépín ha á, mo fi iyanrìn ha á, mo fi ọṣẹ dúdú kún un. Orúkọ Ráṣídì ń wò mí.

"Ẹ ò rí i bó ṣe lágbára!" Ìyá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi omi náà ra Sùlè lórúnkún.

Bàbá mi wọlé, ó rí wàláà rẹ̀. "Ìyá mi, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run là ń fọ̀. Orúkọ Ráṣídì kọ́!"

"Ṣebí ìwọ lo kọ́ ọ ní kíkọ?"

Bàbá mi kò lè na ìyá rẹ̀. Ó yíjú síbi tí mo wà, ẹ̀yìn mi sì mọ ìyókù.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Sùlè kò dìde. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pe Ráṣídì. "Ohun tó o kọ kò jẹ́ o."

Nígbà tí Ráṣídì gbọ́ ohun tí a fi ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá, orúkọ mi lásán ni."

"Kí wá ni àwọn òyìnbó ń fi ṣe?"

"Wọ́n ń gbé e kọ́ ara ògiri ni."

"Ògiri!" Àánú wọn ṣe Ìyá Àgbà. "Ṣé wọn ò ní aláìsàn nílé ni?"

Ṣùgbọ́n Ráṣídì rí ìyá mi tó dorí kodò sídìí Sùlè, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá, ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, ó ń yí i sí ọmọ náà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá, nígbà tó sì ń padà lọ sókè òkun, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Sùlè á fara ti bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sá, òun á ṣubú, á sunkún, á tún lé e. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá mi ń sẹ́ ògì, a gbọ́ gbì lára ìkòkò. Bọ́ọ̀lù ni. Sùlè dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dì í mú. Gbogbo ògì dà nù lọ́jọ́ náà, wọn ò na ẹnì kankan.

Ìyá Àgbà ní hàntú kì í kánjú ni. Bàbá mi ní Ọlọ́run ni. Ẹnikẹ́ni ò bi bọ́ọ̀lù.

Ayé ti yí báyìí. Orúnkún Ráṣídì ti ní kó fi eré sílẹ̀. Tó bá wálé, àwọn ọmọ ò béèrè ìbuwọ́lù mọ́, fóònù ni wọ́n ń nà sí i, á sì ká ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí orí rẹ̀ lè wọ fọ́tò. Ní ìsọ̀ mi lọ́jà, ọmọ oníbàárà mi kan fi hàn mí lórí fóònù pé wọ́n ṣì ń ta bébà tó buwọ́ lù lókè òkun. Nígbà tó sọ iye rẹ̀, mo gbé kóńgò ẹ̀wà tí mò ń wọ̀n sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Bébà lásán!

Sùlè ti hu irùngbọ̀n. Láyé ìgbà náà, gbogbo ilé ló ń dọ́gbọ́n kó lè rìn. Lónìí, mọ́ṣáláṣí tí a lè fi òkò bà láti ẹnu ọ̀nà wa, ọ̀kadà ló ń gùn lọ. Mo bú u títí ó sú mi. Ìyá mi ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé tó bá ti jẹ́ ọ̀lẹ nìkan ló ń ṣe é, ọkàn òun balẹ̀.