"Ẹ" Tí Ọ̀gá Mi Pè Mí

Ọ̀gá wa obìnrin níléeṣẹ́ gàrí ní Ìyànà Ọ̀fà kì í dáhùn ìbéèrè. Bí mo bá béèrè bóyá gàrí orí iná ti gbẹ tó, wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á ní, "Èmi ò ríran. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?" Mo máa ń rò ó títí pé ṣé lóòótọ́ ni wọn ò mọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan tó fẹ́ ra ọ̀pọ̀ àpò ní kí ọ̀gá wa fọwọ́ sọ̀yà pé gàrí náà ò ní bu. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n kọjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó."

Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí àgbà tó wọlé. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.