Ọjọ́ Tí Mo Bá Àwòrán Ara Mi Lọ́dọ̀ Atẹ̀wé

Ọjọ́ tí mo bá àwòrán ara mi lọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Ṣómólú ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí Bísí, ọmọ ayálégbé mi ní Fọlá Àgòrò. Bí mo bá ń rìn lọ, yóò máa wo ẹsẹ̀ mi, yóò sì máa ya nǹkan sínú ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ gba káàdì ìgbéyàwó ọmọ mi. Àfi bí mo ṣe rí ara mi lórí bébà gbàgàdà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: iwájú mi, ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀yìn mi, tòun ti ikùn. Ta ni kò mọ̀ pé Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ ìkéde òkú?

Mo figbe ta: "Ta ló ní mo ti kú?"

Bísí, tó wá tẹ bébà náà, yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, géèmù ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin ni lándílọ́ọ̀dù inú rẹ̀."

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́? Ṣé o fẹ́ wọn pósí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní bébà yẹn lòun ń wò tí òun fi mọ ara mi síbẹ̀ bí ẹni mọ ìkòkò, kí òun tó to egungun sí i kó lè rìn. Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ni mo bá ń rìn lọ níbẹ̀, tí mò ń fa ṣòkòtò sókè!

"Ẹ̀mí mélòó lo fún mi nínú géèmù yìí?"

"Mẹ́ta, sà."

"Sọ ọ́ di mẹ́wàá, kíá!"

Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́ di mẹ́wàá. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá dé àdúgbò àwọn atẹ̀wé, mo máa ń yẹ ara ògiri wò dáadáa kí n tó wọlé.