Ìyá Rekha Ń Sìn Wá Dé Ibùdókọ̀

Ilé gogoro tí Ṣìmí ń gbé ní Toronto, èrò inú rẹ̀ ju èrò abúlé Ìyá Rekha lọ dáadáa. Ìyá Rekha fúnra wọn ló sọ ọ́. Wọ́n ní abúlé àwọn ní India kò ju ọ̀ọ́dúnrún èèyàn lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn mọ ẹni tó ń sunkún níbẹ̀ àti ohun tó pa á lẹ́kún. Nínú ilé gogoro yìí, ẹnìkan ṣoṣo tó ń kí wọn ni Ṣìmí, nọ́ọ̀sì ọmọ Òṣogbo tó ń gbé òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kamla ni orúkọ wọn gan-an, ṣùgbọ́n kí ni Ṣìmí fẹ́ fi orúkọ àgbàlagbà ṣe? Ọmọ wọn ń jẹ́ Rekha, ó parí.

Lọ́jọ́ Fúráìdé kan, Rekha dá Ṣìmí dúró lẹ́nu lífítì, omi lójú.

"Mọ́mì ní àwọn ń lọ sílé. Lọ́la ni mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. I don't know what I did wrong."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣìmí wọra. Ìyá tirẹ̀ ti búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ yìnyín láyé òun. Ìyá yìí ló wá fi ṣe ìyá. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Kí ó tó lọ fún shift ní Newmarket, ó yà kí wọn. Ó bá wọn nídìí fèrèsé, wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

"Màmá, kí ni Rekha fi ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Gẹ̀ẹ́sì Ìyá Rekha kò pọ̀, ọwọ́ wọn ló ń bá wọn parí rẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kì í wọ abúlé àwọn. Odò wà láàárín, kò sí afárá. Ẹni tó bá ń lọ sílùú yóò fẹsẹ̀ la oko ọkà bàbà kọjá kí ó tó dé títì ọlọ́dà. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í dá rìn ín. Ọ̀kan á gbé àpò, ọ̀kan á pọn ọmọ, wọ́n á sìn ín dé títì. Bí bọ́ọ̀sì kò bá wá, gbogbo wọn á jọ rẹ́rìn-ín padà sílé.

"Níbí, bus wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni mo fẹ́ bá lọ?"

Ẹnu ya Ṣìmí. Ó ti rò pé Yorùbá nìkan ló ń sin àlejò sọ́nà! Ó ní ó dàbọ̀, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi.

"Ṣé o gbàgbé nǹkan ni?"

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, Màmá. Ṣé ẹ ò ní sìn mí ni?"

Wọ́n ní Rekha ti kìlọ̀ fún àwọn pé ní Canada, a kì í tọ àlejò lẹ́yìn. Wọ́n á rò pé à ń lé wọn ni.

"Èmi kì í ṣe Canada. Ẹ wọ coat."

Wọ́n dé ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì dé. Ṣìmí wo yìnyín ilẹ̀, ó wo àgbàlagbà. Ta ló bí i tí yóò jẹ́ kí wọ́n dá padà? Ó sìn wọ́n dé ẹnu lífítì. Ìyá Rekha náà kọ̀, wọ́n ní àlejò kì í dá lọ, wọ́n tún sìn ín jáde. Bọ́ọ̀sì kejì ti lọ. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nìyẹn, títí Ìyá Ọlámijùlọ, ìyá àgbà kan tó máa ń dá jókòó nísàlẹ̀ ilé, fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni? Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi ni n ó mú Màmá padà. Ènìyàn laṣọ mi o!"

Ṣìmí pẹ́ níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì fún un ní tirẹ̀. Ó fi ẹ̀rín gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà mẹ́rin ló dúró dè é nísàlẹ̀ ilé, nínú coat. Yàtọ̀ sí Ìyá Rekha àti Ìyá Ọlámijùlọ, Ṣìmí kò rí àwọn méjì yòókù rí. Gbogbo wọn sìn ín dé ibùdókọ̀. Dẹrẹ́bà rí àwọn arúgbó, ó rọra rẹ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí wọ́n lè gùn ún. Ṣìmí nìkan ló wọlé.

"Ladies, ẹ̀yin ńkọ́?" ni dẹrẹ́bà béèrè.

"A ò lọ síbì kankan," ni Ìyá Ọlámijùlọ wí, wọ́n ń juwọ́.

Rekha sáré jáde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Mọ́mì, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń béèrè ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ."

Ìyá Rekha kò sọ ọwọ́ tí wọ́n ń jù kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá a lóhùn, kí Ṣìmí tó ṣì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì lè gbọ́.

"Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù. Ṣìmí ní iṣẹ́ lọ́la. Ta ló máa sìn ín?"