Bí Mo Ṣe Túfọ̀ Olùkọ́ Mi Ṣáájú Ẹbí Rẹ̀

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ ìròyìn sórí fóònù. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe; ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Ìyàwó mi ló ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa kó o sí. Mo ṣí ojú ewé kan sórí ayélujára, mò ń kọ ohun tí mo bá rí: ọ̀nà tó bàjẹ́, iná tí kò wá, ilé tí ìjì ká òrùlé rẹ̀. Àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi ń kà á. Nígbà tí ìyàwó mi kú, n kò dáwọ́ dúró. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ìrọ̀lẹ́ ṣe.

Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Bí mo bá kọ ọ́ pé afárá kan já, àwọn kan á ní olóṣèlú ló rán mi níṣẹ́. Bí n kò bá kọ ọ́, wọ́n á ní olóṣèlú ti fún mi ní nǹkan. Èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojúlùmọ̀ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Iléṣà pè mí pé olùkọ́ mi ti dákẹ́. Mo ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, mo ti ń gé aṣọ fún ènìyàn, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ọkùnrin yìí ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ orúkọ ara mi. Kò fi mí rẹ́rìn-ín rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń kọjá lójú fèrèsé a máa rẹ́rìn-ín.

Mo pe ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹnu méjì kí n tó kọ. Mo dìde nídìí ẹ̀rọ, mo kọ ìlà mẹ́wàá, mo fi àwòrán rẹ̀ sí i. Mo kọ ọ́ dáadáa. N kò ní purọ́, ọkùnrin kan wà ní Iléṣà tí òun náà ń kọ ìròyìn, tí ó sì máa ń ṣáájú mi. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ṣáájú.

Mo bèèrè bóyá òótọ́ ni. N kò bèèrè ẹni tí kò tíì gbọ́.

Wákàtí kan kò pé tí àbúrò olóògbé fi pè mí. Àgbà ló jẹ́ sí mi. Kò pariwo.

“Òótọ́ ni ohun tí o kọ,” ó ní. “Màmá wa ni kò tíì gbọ́.”

Ìyá olùkọ́ mi wà láyé ní Ọ̀tan-Ilé, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ní ilẹ̀ wa, a kì í jẹ́ kí abiyamọ ṣàdédé gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ẹbí ni yóò lọ bá a ní kùtùkùtù. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á ní ara ọmọ rẹ̀ kò yá, wọ́n á máa sún ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó túfọ̀ fún ìlú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ lọ. Kì í ṣe pé n kò mọ àṣà yìí. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń sọ fún ìyá rẹ̀ ní Òṣú pé dókítà ṣì ń tọ́jú rẹ̀.

Mo pa ìròyìn náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti pín in kiri. Mo pe àwọn tí mo mọ̀ ní Ọ̀tan-Ilé, mo bẹ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má yà sílé Màmá. Àwọn méjì kò gbé fóònù wọn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ ọkọ̀ Ìbòkun.

Nínú ọkọ̀, obìnrin kan tó jókòó tì mí ń ka ọ̀rọ̀ mi sókè fún ẹnì kejì rẹ̀. Ó kà á tán, ó pòṣé.

“Eṣinṣin ni àwọn oníròyìn fóònù yìí. Wọ́n á ti dé ìdí òkú kí olóòkú tó dé.”

Awakọ̀ ní, “Ẹ̀yin náà ṣáà ń kà á, Màmá.”

“Wọ́n gbé e síwájú mi ńkọ́? Kí n di ojú?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọjú síta.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìbòkun. Nígbà tí mo dé, obìnrin mẹ́ta ti wà nílẹ̀ nínú yàrá. Màmá jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Wọ́n sọ fún mi pé aládùúgbò kan ló wọlé tó ní, “Ẹ kú àráfẹ́rakù,” tí Màmá sì bi í pé ta ni.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́. Kò bú mi. Ó ní kí n kà á fún òun. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Ibi tí mo ti ń kà á ni àbúrò olóògbé àti àgbà méjì ti wọlé pẹ̀lú fìlà lórí. Wọn kò dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ kò wúlò mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ mi.

Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti pe olùkọ́ mi ní àkọ́bí, Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ìjẹ̀ṣà ló sọ, mo kàn kọ ọ́ síbí bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́.

“Kì í ṣe àkọ́bí. Ẹnì kẹta ni. Méjì ti lọ ṣáájú rẹ̀. Tún un kọ.”

Mo wo àbúrò. Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́.

“Ṣé o kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni?” ó ní. “Ìgbà tó yẹ kí o bèèrè ti kọjá.”

Mo jókòó sílẹ̀ nídìí àga Màmá, mo tún un kọ. Bí mo bá kọ ìlà kan, màá kà á fún un, yóò mi orí. Mo bi í lórúkọ àwọn méjì tó lọ. Ó sọ orúkọ méjèèjì. Àbúrò yíjú wò ó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò gbọ́ wọn rí.

“Má kọ wọ́n síbẹ̀,” Màmá ní.

N kò kọ wọ́n.