Gánà Tàbí Ìgbògbò: Àròkọ Tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, mo fi irọ́ mẹ́ta sí i, wọ́n sì ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ mi lọ́wọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ìdí tí mo fi parọ́ kò jìnnà. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Gánà, ti ń gbé ní ìlú Tema kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ lílẹ táìsì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọmọ Gánà sì ni ìyàwó wọn. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n mú ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo wá lo oṣù kan ní ilé wa ní Ìgbògbò. Ìyàwó wọn kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó dúró lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí àwọn bàbá wa, fi ránṣẹ́ pé kí ọmọ náà má padà mọ́. Wọ́n ní kí ó máa lọ sí ilé ìwé ní Ìkòròdú pẹ̀lú mi, kí ó lè mọ ìdílé bàbá rẹ̀.

Dádì Gánà ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu. Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ìwọ tí wọ́n ń kọ́ ní àròkọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ayé ṣe rí lọ́hùn-ún àti bó ṣe rí níhìn-ín. A ó kà á níwájú Màmá kí ọmọ mi tó sọ tẹnu ẹ̀.”

Èmi nìkan ni obìnrin láàárín ọmọkùnrin mẹ́ta. Èmi àti ọmọ Gánà yìí ti ń sùn lórí ẹní kan, a ti ń jà sí ìrọ̀rí kan, a sì ti ní àṣírí méjì tí n kò lè kọ síbí. N kò fẹ́ kí ó lọ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ pé kò sí ẹja tútù ní Gánà, pé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń jókòó sí, pé òòrùn wọn ń bó ènìyàn lára.

Dádì Gánà kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Ọmọ yìí, etí òkun ni Tema wà. Ariwo àwọn apẹja ló ń jí mi láàárọ̀. Níbo lo ti rí i pé kò sí ẹja?”

“Mo rò pé bóyá wọ́n máa ń tà á tán ni, sà.”

“Ìlú tí o parọ́ mọ́ kò lè fèsì, àmọ́ èmi wà ńlẹ̀ fún un.”

Ọmọ wọn ti rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí àga. “Ará Ìgbògbò, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jókòó mẹ́rin-mẹ́rin sórí bẹ́ńṣì ẹni méjì ni ẹ wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?”

Òótọ́ ló sọ. Mo fa ìwé náà ya, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bó ti yẹ. Ó sọ fún mi pé inú ilé ni omi ẹ̀rọ ti ń yọ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní iná mọ̀nàmọ́ná máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́mì òun kì í rántí ibi tí àtùpà wà. Ó ní èrò máa ń tò láti wọ ọkọ̀ láìsí ẹni tí yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì. Mo kọ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ mi sì wúwo bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, kànga ni, okùn kànga náà sì ti bó o lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá mi rán àwa méjèèjì lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti ra ẹja. A wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkin. Màmá Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn ta ẹja, fúnra wọn ṣa ọ̀bọ̀kún kún agbọ̀n fún wa. Nígbà tí a délé, mo sáré lọ sí lẹ́sìnnì. Ìyá mi kò tíì dé láti ìsọ̀. Ọmọ Gánà fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó rí i pé iná wà, ó fọ ẹja, ó dì í sínú ọ̀rá, ó kó gàrì àti ìrẹsì kúrò nínú fíríìsà wa, ó sì kó ẹja sí i.

Kò sí ọmọ àdúgbò wa tí yóò ṣe irú rẹ̀. Àwa a máa yan ẹja kí a tó bọ́ aṣọ òde. Fíríìsà wa, nítorí eku la ṣe ń lò ó. Kò pé wákàtí kan tí iná fi lọ.

Ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n béèrè ẹja.

“Ó wà nínú fíríìsà, mà,” ni ó fi ìdùnnú dáhùn.

Ìyá mi ṣí i, wọ́n sì jókòó sórí àpò gàrì. Ẹja ti ń rọ̀. Kí wọ́n tó dìde, ìyàwó onílé wa ti yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Ó lọ gbé àgékù àgbá irin tiwọn wá. Fọkanáísà iwájú ilé wa gbé igi ìdáná, ẹlòmíràn mú wáyà tí a ó tẹ́ ẹja lé. Èéfín gba gbogbo àgbàlá. A tẹ́ ẹja, a yí ẹja, a sì ń fi ata jẹ èyí tó bá fọ́.

“Ará Gánà,” ni ìyàwó onílé wí, “ní ìlú tiyín, inú yìnyín ni ẹja ń sùn. Tiwa, inú èéfín ni. Máa fẹ́ iná o, má fi ojú àlejò yẹn wò mí.”

Ojú ọmọ Gánà ti dúdú fún èédú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fẹ́ iná. Nígbà tí a ń fọ ọwọ́, ó sọ fún mi pé, “Lọ́dọ̀ wa, ẹja yìí ì bá má rọ̀ rárá. Àmọ́ tó bá rọ̀, kò sí ẹni tí ì bá wá. N kò mọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ògiri wa.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́. N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo kà á ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo kan ibi iná mọ̀nàmọ́ná, Màmá ní, “Fo ìyẹn, ó ń dùn mí.” Mo ní n kò gbọ́dọ̀ fò ó. Mo kà á tán, Màmá sì yíjú sí ọmọ Gánà. “Ó dọwọ́ ẹ, ọkọ mi.”

Ó ní, “Omi àti iná, Gánà dára jù, mà. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Àmọ́ mo máa dúró. Ọdún kan ná.”

Màmá, tí orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, dìde, wọ́n sì jó yí àga po. “Àlùhámúdù lílááhì,” ni wọ́n ń wí ṣáá. Dádì Gánà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ Gánà bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè kan, Dádì Gánà wo Màmá, Màmá sì wo òrùlé. Ọjọ́ kẹta nìyí. Lánàá, ìyàwó Dádì Gánà pè láti Tema, Dádì Gánà bi í nípa ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bi í nípa òjò, wọ́n sì ní káàdì fẹ́ tán lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ìyàwó wọn ló pè. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀: “Dádì, ta ni yóò sọ fún mọ́mì mi?”