Abẹ́rẹ́ Kò Dúró Dọjọ́ Ìrìnàjò

Aṣọ àga ni Abẹ́rẹ́ ń rán. Àga tó ti ya, tí fóòmù ti yọ síta bí ètè ẹni tó ń bínú, òun ni wọ́n ń gbé e wá fún. Ó rí tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Inú yàrá kan tó kún fún òórùn gọ́ọ̀mù nínú ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, lórí àpótí kékeré. Ẹ ò rí nǹkan! Kéèyàn máa rán tìmùtìmù fún gbogbo ayé, kí òun alára máa jókòó sórí pákó!

Obìnrin yìí ló dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ san owó àkọ́kọ́ fún ìrìnàjò nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà púpọ̀! Ó ṣì ku oṣù bíi mélòó kan kó gbéra. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bi í bóyá ó ní àìsàn tí dókítà ń tọ́jú.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru," Abẹ́rẹ́ dáhùn gbàgà, bí ẹni ń dárúkọ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ tètè ra ìnṣọ́ránsì nígbà náà, Mà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni iléeṣẹ́ tó ń tà á fún yín láti rà á, látòní tẹ́ ẹ sanwó. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì máa tà á fún yín o, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló dá yín dúró, tàbí tó gbé yín ṣánlẹ̀ lójú omi, wọn ò ní sanwó ẹ̀, wọn ò sì ní gbé yín wálé."

Ó délé, ó rò ó fún àwọn ará ilé rẹ̀. Háà, ilé gbóná!

Ìdílé tí kì í dárúkọ aburú ni ìdílé yìí. Inú òjò ni wọ́n ti ń ra agboòrùn. Báńdéèjì kò gbọdọ̀ wọlé wọn, torí ẹni tó bá rà á pa mọ́ ti ń wá ọgbẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ Abẹ́rẹ́ wà lórí àìsàn, kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, títí ó fi dákẹ́.

"Kó o máa fowó ra àìsàn!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbélé, pàtẹ́wọ́. "Ta ló ń ṣe ẹ́?"

"Àǹtí mi, àìsàn tí mò ń gbé oògùn ẹ̀ mì láràárọ̀, ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ pè é ni? Ó ti wà nínú ilé, ó ń bá wa jẹun!"

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe, òun nìkan sì lọmọ, ó wá ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ku ọ̀la kẹ́ ẹ lọ. Tára yín bá le nígbà yẹn, a ó rà á."

"Tára mi ò bá wá le ńkọ́?"

"Ẹ ò ní lọ nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ gbé sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ àga sílẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ṣé ìnṣọ́ránsì lo ò fẹ́ ni, àbí ìrìnàjò?"

Ọmọ sún mọ́ ọn.

"Mọ́mì, tí nǹkan bá ṣe yín láàárín omi, ta ló fẹ́ gbé yín wálé? Tí mo bá ti rò ó, oorun kì í kùn mí mọ́."

"Ẹni tó máa gbé mi wálé gan-an ni mo fẹ́ fowó mi rà! O ò fẹ́ kí n dárúkọ aburú yẹn, ìwọ alára ò sì lè sùn nítorí ẹ̀." Ó ti dìde. "Bàbá ẹ ní ká dúró kára òun le ká tó lọ wo òkun. A dúró! Ṣé ó rí òkun? Mi ò dúró mọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó rọra máa bínú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, ẹ yẹra, nǹkan mímú wà láyà mi."

Òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán àga ṣì wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé, Abẹ́rẹ́ ti dé títì.

Wọ́n ti fẹ́ máa tilẹ̀kùn ọ́fíìsì nígbà tó wọlé.

"Ìnṣọ́ránsì yẹn, tà á fún mi."

Ọmọbìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Ta la máa pè, Mà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ṣí ohùn fóònù sókè, ó gbé e sórí tábìlì.

"Wọ́n ní ta ni kí wọ́n pè tí àìsàn bá gbé mi ṣánlẹ̀ lójú omi. Dá wọn lóhùn."

Nínú ilé wọn, ta ló ti dáhùn irú ìbéèrè yìí rí? Abẹ́rẹ́ káwọ́ sórí tábìlì. Kò bẹ̀ ẹ́, kò rọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò pa fóònù.

"Èmi ni," ọmọ wí nígbẹ̀yìn. "Kí wọ́n pe èmi, ìgbà yòówù kó jẹ́. Àmọ́ inú mi ò dùn sí i o, Mọ́mì!"

"Ta ló ní kínú ẹ dùn? Fóònù ni mo ní kó o máa gbé."

Ó pa fóònù, ó yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ó dáa. Yàrá tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sómi, ṣé ó ṣì kù?"